Ewé Ìtàkùn Lórí Èkù Idà

Dayton, Ohio
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 1988

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òtútù tó ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ó yẹ kí òdòdó sakura ti máa rẹ̀ dànù lórí òkè ẹ̀yìn ilé wa ní Tatsuno báyìí. Níbí, yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ ni. Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Omi sóyà tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n ìgò kan fọ́ lọ́nà, gbogbo ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fi wé e ló ń rùn bí ọbẹ̀. Kí ẹ tó bèèrè: rárá, mi ò tíì rí ìyàwó.

Ẹ wá jókòó o. Ẹ má ka èyí tó kù yìí sókè níwájú Ìyá àgbà.

Ẹ mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kó idà àwọn ọ̀gá sójà ilẹ̀ wa jọ, èyí tí àwọn sójà Amẹ́ríkà kó wálé lẹ́yìn ogun. Ẹ ti bá mi wí, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Walter Brubaker fún yín, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní àdúgbò mi. Òun ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ ìṣó ọparun kúrò lára èkù láti rí orúkọ alágbẹ̀dẹ lára irin tó wà nínú. Ó ní mi ò gbọdọ̀ nu ìpẹtà ibẹ̀, pé ìpẹtà yẹn ni ọjọ́ orí idà. Ó kọ́ mi pé kí n fi bébà sáàárín ètè tí mo bá ń wo irin náà, kí èémí mi má baà bà á. Òyìnbó ló wá ń kọ́ ọmọ Japan bí wọ́n ṣe ń di idà mú! Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbádùn ẹ̀.

Sátidé tó kọjá, èmi àti ẹ̀ jọ lọ sí ọjà ohun ogun àtijọ́. Opó kan gbé idà kan sílẹ̀ láàárín àwọn àwo oúnjẹ. Àkọ̀ rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, okùn aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n fi hun èkù rẹ̀ lé awọ ẹja lórí. Bí mo ṣe yí orí èkù náà sójú oòrùn, mo rí àmì ìdílé kan tí wọ́n fi fàdákà ṣe, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Màmá, ewé ìtàkùn ni! Ewé ìtàkùn tó wà lẹ́yìn kimono dúdú yín, èyí tí ẹ wọ̀ níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀gá sójà tó bá rí i ṣe ló máa ń fi àmì ìdílé rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá sójà ni bàbá tó bí yín. Erékùṣù Luzon ni wọ́n rán an lọ jagun, kò sì padà. Opó yìí ní Luzon ni ọkọ òun ti mú idà náà wá, pé ẹ̀gbẹ́ odò kan lórí òkè ló ti rí i, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ló tún kù? Mo rà á.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Màmá, ọwọ́ wa ti tẹ èkù. Ẹ sọ bí mo ṣe máa mú un wálé fún mi.

Ọmọ yín,
Teruhiko


Tatsuno
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún, ọdún 1988

Teruhiko ọmọ mi,

Ṣé o ń jẹun dáadáa? Àwa náà wà. Orúnkún ń dun Ìyá àgbà rẹ, ẹnu ò dùn ún. Àná ló ṣàlàyé fún ọlọ́jà ẹja bí wọ́n ṣe ń mọ ẹja tó ti kú tipẹ́, ọkùnrin náà sì fi ẹja kan bẹ̀ ẹ́ kó lè jẹ́ kóun lọ.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, mo gbàgbé ìkòkò lórí iná. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín pa mí. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi.

Ta ló tọ́ ẹ? Ṣé kì í ṣe èmi ni? Ewé ìtàkùn ẹ̀yìn kimono mi kì í ṣe àmì ìdílé Kanzaki, ìdílé bàbá mi. Àmì obìnrin ni. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, obìnrin lè máa jẹ́ orúkọ ilé ọkọ, ṣùgbọ́n àmì ìyá rẹ̀ ló ń wọ̀. Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, èmi gbà á lọ́wọ́ Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àmì Kanzaki ni ìyẹ́ àṣá méjì tó dábùú ara wọn. Ó wà lára òkúta ibojì tí o máa ń da omi sí lọ́dọọdún, ìwọ tó jẹ́ pé kòkòrò lò ń wá kiri nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wo òkúta.

Ọ̀gá sójà wo ni yóò gbé àmì obìnrin sórí idà? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti fi yẹ̀yẹ́ pa á kí ọta ìbọn tó dé. Àwọn ìdílé tí ewé ìtàkùn jẹ́ àmì ọkùnrin wọn pọ̀ bí iyanrìn. Idà ọmọ wọn lo rà. Kì í ṣe tiwa.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí, o sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Láràárọ̀ ni Ìyá àgbà ń bu ìrẹsì sínú abọ́ bàbá mi. Kì í gbé e síwájú pẹpẹ òkú bí àwọn opó yòókù. Ààyè bàbá mi nídìí tábìlì ló ń gbé e sí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń bu oúnjẹ fún ẹni tó rìnrìn àjò, kí ebi má baà pa á lọ́nà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ìjọba gbé àpótí funfun wá, wọ́n ní egungun ọkọ rẹ̀ ni. Ó ṣí i níwájú wọn, òkúta kan ló bá níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò gbà kí àlùfáà fún bàbá mi ní orúkọ òkú, èyí tí a ń fún ẹni tó bá ti kú, kò sì gbà ká dáná ọdún Bon pè é wálé pẹ̀lú àwọn òkú yòókù. Ó ní ẹni tí kò kú kì í tẹ̀lé òkú wálé.

Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Mo fẹ́ kó gbé ẹrù yẹn sọ̀ kó tó lọ, ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ nìyẹn. Tí o bá wá sọ fún un pé wọ́n rí idà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò láìsí òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí lo rò pé yóò sọ? Á ní ọkọ òun gbé idà sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Á tún máa bu ìrẹsì títí tí yóò fi kú.

O ò tiẹ̀ lè mú un wálé. Idà tí alágbẹ̀dẹ fọwọ́ rọ nìkan ni ìjọba ń fún ní ìwé. Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe nígbà ogun, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́. Gbé òkú olókùú kúrò nínú yàrá rẹ, jàre. Má sì pe fóònù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá àgbà ló ń sáré gbé e.

Ìyá rẹ,
Tazuko


Dayton, Ohio
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, ọdún 1988

Màmá mi,

Ẹ kú òjò. Mo ti gbọ́.

Mo yọ ìṣó èkù idà náà, mo wo irin inú rẹ̀. Ẹ jàre: òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ogun ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ alágbẹ̀dẹ. Mo ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Brubaker. Ó fún mi ní òmíràn tí kò ní àmì kankan lórí, kí n má baà tún fi ojú ara mi rí ohun tí kò sí. Inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Ó ní àmì fàdákà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ ò bá má tiẹ̀ sọ̀rọ̀ kòkòrò yẹn. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn.

Mo ń jẹun dáadáa.

Teruhiko


Dayton, Ohio
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù keje, ọdún 1988

Màmá mi,

Ẹ kú ooru. Oṣù kan ààbọ̀ rèé, mi ò rí èsì yín. Ṣé ẹ ń bínú ni? Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn ló le, ẹ má bínú. Ara ló ń ta mí. Mo ti rò ó pé mo rí bàbá àgbà mi, mo sì ti ń rò ó bí màá ṣe gbé e wọlé tí gbogbo ilé á dìde.

Tó bá jẹ́ pé ara Ìyá àgbà ni kò yá, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Mo pe fóònù lọ́jọ́ Àìkú, òun ló gbé e. Ó bi mí bóyá mo ti rí ìyàwó, mo ní rárá, ó ní "Kí lò ń pè fún?", ó sì gbé e sílẹ̀. Mo wá mọ̀ pé ara rẹ̀ le. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ yín,
Teruhiko


Tatsuno
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 1988

Teruhiko,

Inú kò bí mi. Ojú ló ń tì mí, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oòrùn mú, mo kó aṣọ inú àpótí síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn. Mo gbé kimono dúdú mi kọ́. Ìyá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí mo ṣe rí ewé ìtàkùn ẹ̀yìn aṣọ náà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Màmá, ẹ ò gbọ́ ti ọmọ ọmọ yín ní Amẹ́ríkà. Ó rí idà ọ̀gá sójà tó ní ewé ìtàkùn lórí, ó ní ti bàbá mi ni. Ó ti sọ bàbá mi di obìnrin!"

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Fàdákà ni àbí idẹ?"

Mo ní fàdákà lo pè é.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ọkùnrin kì í gbé àmì obìnrin? Ọkọ mi gbé e."

Teruhiko, àádọ́ta ọdún ni mo ti lò láyé, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó ní nígbà tí ìwé dé pé kí bàbá mi máa lọ, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní àmì fàdákà lórí idà, òun nìkan ni kò ní. Ìjọba ti gba fàdákà gbogbo ilé fún ogun. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ní òòyà fàdákà kan tó fi ṣe ìyàwó, ó ti rì í mọ́ inú ìkòkò ìrẹsì. Ó gbé e tọ alágbẹ̀dẹ fàdákà kan lọ ní Himeji. Ọkùnrin náà bi í pé àmì wo ni kí òun ṣe. Ó ní èyí tó wà lẹ́yìn aṣọ òun. Ọkùnrin náà ní, "Ìyàwó, ọkùnrin ló máa gbé e o." Ìyá àgbà ní, "Fàdákà ta ni?"

Ó ní nígbà tí bàbá mi rí i, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá bi òun, òun á ní ìtàkùn ló so òun mọ́ ilé. Wọ́n fi í pamọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀, nítorí obìnrin náà ì bá da ilé rú.

Ó wá bi mí pé, "Idà náà dà?" Mo ní o ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀, pé èmi ni mo ní kí o gbé e kúrò. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kàn wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fọ́ ìgò, ó ní, "Ìwọ náà ò bi mí."

Kò fẹ́ irin idà. Ó ní irin yẹn ti ṣe ohun tó ṣe, òun ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Òòyà òun ló ń fẹ́. Ó ní kí o wo ẹ̀yìn fàdákà náà: alágbẹ̀dẹ ń kánjú, ó gé eyín òòyà méjì ku díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ha wọ́n dán. Tí eyín méjì bá wà níbẹ̀, tòun ni. Tí kò bá sí, kí o jẹ́ kó wà níbi tó wà.

Bá mi lọ bá òyìnbó yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ,
Tazuko


Dayton, Ohio
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1988

Màmá mi,

Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé náà ni mo lọ. Mi ò tiẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Brubaker fún mi ní kọfí, ó gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì mi orí. Ó ní, "Teruhiko, gbogbo ẹni tó bá ti fẹ́ gba idà lọ́wọ́ mi ló máa ń ní ìyá àgbà kan níbì kan." Mo ní ìyá àgbà tèmi kò fẹ́ idà, fàdákà orí rẹ̀ nìkan ló fẹ́. Ìyẹn gan-an ló wá mú un bínú. Ó ní kí n kúkú gbé odindi idà lọ ó sàn ju kí n ní kí òun yọ àmì lára rẹ̀. Idà ọ̀gá sójà tí wọ́n bá ti yọ àmì rẹ̀, ó ní bí lẹ́tà tí wọ́n ya orúkọ kúrò lára rẹ̀ ló rí. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń bá àwọn èèyàn jà kí wọ́n má tú idà palẹ̀, òun ni yóò wá fọwọ́ ara rẹ̀ tú u?

Mo sọ ọ̀rọ̀ eyín òòyà méjì fún un. Ó ní, "Ta ló ti rí ẹ̀yìn rẹ̀?" Mo ní kò sẹ́ni tó lè rí i, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí èkù láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ó ní, "Ìwọ náà ò rí i?" Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i?

Ibi tí a parí sí nìyí. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣe iṣẹ́ góòlù, tí yóò ti ìsinmi dé lóṣù tó ń bọ̀. Ọkùnrin náà ni yóò yọ fàdákà náà lójú àwa méjèèjì. Tí eyín méjì bá wà níbẹ̀, màá mú un lọ. Tí kò bá sí, màá fi idà mi tó dára jù fún un, n kò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ ìyá àgbà mọ́ láyé. Mo gbà.

Màmá, ṣé ọkàn Ìyá àgbà ṣì pé? Ẹ má bínú pé mo bèèrè. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ti kọjá.

Ọmọ yín,
Teruhiko


Tatsuno
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1988

Teruhiko,

Ọkàn ẹ̀ pé ju tìrẹ lọ, ìwọ tó ń fi idà ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀rù ń bà mí. Tẹ́lẹ̀, òun nìkan ló ń dúró. Ní báyìí àwa méjèèjì là ń dúró, mo wá rí bí ó ṣe máa ń rí. Tí olùpín lẹ́tà bá dé, òun ló ń kọ́kọ́ jáde, orúnkún tó ń dùn ún kò tún dùn ún mọ́. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ṣé lẹ́tà ìfẹ́ lẹ ń retí ni?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó pẹ́ díẹ̀."

Ó ṣì ń bu ìrẹsì. Láàárọ̀ òní ó tún fi ẹja díẹ̀ sí i. Mi ò tíì sọ fún un pé wọn kò rí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ idà náà. Mo ti la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta láti sọ ọ́, mo tún pa á dé.

Tí eyín kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀, má ṣe rò pé wàá gbẹ́ ẹ síbẹ̀ fúnra rẹ. Mo mọ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ já fáfá, ọkàn rẹ sì rọ̀. Kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá rẹ,
Tazuko


Dayton, Ohio
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 1988

Màmá mi,

Eyín méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Oníṣẹ́ góòlù náà fi ọ̀bẹ tín-ín-rín yọ ọ́, ó pẹ́, mo sì ń wo ilẹ̀ nítorí mi ò lè wò ó. Nígbà tó bọ́, ó yí i padà, ó gbé e fún Ọ̀gbẹ́ni Brubaker. Ọ̀gbẹ́ni Brubaker fi ìka kàn án, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi ìka kàn án. Ó ní, "Òòyà ni, lóòótọ́." Mo bú sẹ́kún níwájú àwọn àgbàlagbà méjì, ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní kí n gbé idà náà dání pẹ̀lú. Mo sọ ohun tí Ìyá àgbà sọ nípa irin rẹ̀ fún un, mo sì sọ ohun tí wọ́n máa fi idà náà ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó ní ó dáa, pé yóò wà lára ògiri òun. Mo ní mo lè wá àmì mìíràn dí ojú ibi tó ṣí sílẹ̀ yẹn. Ó bínú sí mi. Ó ní òun ò ní fi nǹkan kan dí i. Ẹni tó bá bèèrè, òun á ní ó ti relé.

Mo tún lọ wá opó tó tà á rí, kí n lè bi í dáadáa. Ohun tó mọ̀ náà ló tún sọ: odò kan lórí òkè ní Luzon, àsìkò òjò, idà nínú àkọ̀ rẹ̀ lórí òkúta, kò sí ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi kú. Bóyá kí ẹ kà á fún Ìyá àgbà tàbí kí ẹ má kà á, ọwọ́ yín ló wà. Èmi ò mọ èyí tó dára.

Fàdákà náà wà nínú àpótí kékeré tó ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Mi ò nù ún. Dúdú tó dú yẹn, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín,
Teruhiko


Tatsuno
Ọjọ́ ogún, oṣù kọkànlá, ọdún 1988

Teruhiko ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ṣáájú, àpótí náà sì dé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí. Ráádíìṣì funfun la ń fọ̀ lọ́jọ́ náà fún èyí tí a máa rẹ sínú iyọ̀. Ìyá àgbà nu ọwọ́ rẹ̀, ó tú u fúnra rẹ̀. Kò wo ojú ewé náà rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí, ó fi àtàǹpàkò wá eyín méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́.

Ó ní, "Níbo ni wọ́n ti rí i?"

Kò sí bí mo ṣe fẹ́ purọ́ fún un mọ́. Mo gbé lẹ́tà rẹ, mo kà á: odò, òjò, idà nínú àkọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ nínú ara mi pé mo ti ba ayé ìyá mi jẹ́, pé bíbu ìrẹsì ti di ti títí ayé.

Ó ní, "Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí, Màmá."

Ó ní, "Ọkọ mi lè ju idà sílẹ̀. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ó lè ju ìbọn sílẹ̀, ó sì lè sá, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá wà láàyè, kò jẹ́ fi òòyà mi sílẹ̀ lórí òkúta."

Ó ti fàdákà náà bọ inú ọ̀já ìbàdí rẹ̀, ó sì padà sídìí ráádíìṣì. A fọ̀ wọ́n tán.

Èmi sunkún, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mi ò rántí ojú bàbá mi, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni mo rántí. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ìrẹsì jinná, Ìyá àgbà bu ti bàbá mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé e kọjá ìdí tábìlì. Ó lọ gbé e síwájú pẹpẹ, ó lu agogo kékeré ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá jókòó. Ó ní, "Bu tèmi, ebi ń pa mí."

Ọjọ́rú la ránṣẹ́ pe àlùfáà kó wá fún un ní orúkọ òkú. Àlùfáà ní kí Ìyá àgbà jẹ́ kí wọ́n sin fàdákà náà sí ibojì. Ó ní wọ́n ti gba òòyà òun lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Àlùfáà tún bèèrè ọjọ́ tó kú, kó lè kọ ọ́. Mo ní ìwé ìjọba sọ pé oṣù kẹfà ọdún 1945. Ìyá àgbà ní, "Ìjọba tó gbé òkúta wá fún mi?" Ó ní kí àlùfáà kọ ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún yìí, ọjọ́ tí ó kú sí òun lọ́wọ́. Àlùfáà wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ọdún Bon tó ń bọ̀ ni Bon àkọ́kọ́ rẹ̀. A máa gbé àtùpà funfun kọ́ sí ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú tuntun, a ó sì dáná láti pè é wálé. Àwọn aládùúgbò á wá kí wa. Ìwọ ni ọkùnrin ilé yìí, ìwọ ló yẹ kó dá iná náà. Tètè lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ láti ìsinsìnyí. Tí wọ́n bá ní kí ló dé, sọ fún wọn pé bàbá ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni.

Ìyá rẹ,
Tazuko